Márùn-ún Tí Kò Yí Padà

Inú ń bí Sikirath. Kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tí kò gbọ́ ti ìbínú rẹ̀, onítọ̀hún kò gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe ìbínú àwọn tó máa ń pariwo láàárọ̀ tí wọ́n á ti gbàgbé kí oòrùn tó wọ̀. Ìbínú tó ti lé lọ́dún kan ni. Ó ń bá a jí, ó ń bá a jẹun, ó ń bá a jókòó nídìí tábìlì tó ti ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì ńlá ní Tchaourou. Bí oníbàárà bá ní kó má bínú pé fóònù òun ti já sómi, á wò ó bíi pé òun gan-an ló da omi sí ayé rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Rafiatou, àbúrò rẹ̀, ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Ìdí-Ẹmi, abúlé oníṣu àti oníkajú kan lójú ọ̀nà Alafiarou. Ní oṣù Fébúrárì ọdún 2013, Nadjath, àkọ́bí Rafiatou, pé oṣù mẹ́sàn-án, ó tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára eéyi. Ìyá ọkọ ní kò pọn dandan, pé àwọn ọmọ òun méje ò gba abẹ́rẹ́ kankan. Sikirath ló gun alùpùpù wá láti Tchaourou, òun ló bá ìyá ọkọ jà, òun ló kó ìyá àtọmọ lọ sí ilé ìwòsàn abúlé náà, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gún ọmọ lábẹ́rẹ́ tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjẹsára rẹ̀. Ní Jánúárì ọdún tó tẹ̀lé e, eéyi wọ abúlé. Ojú Nadjath pọ́n, ara rẹ̀ sú, ikọ́ dé, èémí ò já gaara mọ́. Lọ́jọ́ kẹfà wọ́n sin ín.

Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń béèrè bóyá ọmọ náà ò gba abẹ́rẹ́ ni. Ó gba abẹ́rẹ́. Ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, tí àwọn alálejò ti lọ, Rafiatou tó lóyún oṣù márùn-ún nígbà náà wo Sikirath lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e lọ.” Láti ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí “ẹ kú àárọ̀” àti “ẹ kú alẹ́”, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wọn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pe Sikirath láti wá bá wọn tún ìdí tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù ṣe. Yàrá oògùn ni ìdí iná náà wà, ẹ̀gbẹ́ firigó gan-an, àpótí atutù onípánẹ́ẹ̀lì oòrùn tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ó ṣí i, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abíyá. Síbẹ̀ bébà kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, fíìṣì tí wọ́n ń kọ bó ṣe tutù sí sórí rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìwọ̀n òtútù tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ bàjẹ́. Márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó bi Imorou léèrè. Imorou ni olórí nọ́ọ̀sì, ẹni tí gbogbo abúlé ń pè ní Major, ọkùnrin tó ga, tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Madame la technicienne,” ló wí, “wáyà niṣẹ́ tiyín. Ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa lọ.”

Sikirath kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, kò dúró gbowó. Ó gun alùpùpù rẹ̀ dé Tchaourou láìmọ bó ṣe kọjá àwọn kòtò ojú ọ̀nà. Kò lè fi ẹ̀sùn kan Major, kò ní ẹ̀rí. Ọwọ́ tó ti bọ inú firigó kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ṣe ojú kan sára firigó yẹn, ojú tí ẹnikẹ́ni ò lè fi bíìkì kọ èsì sí, kí gbogbo ìyá ọlọ́mọ lè máa fojú ara wọn rí i. Rafiatou pàápàá yóò rí i. Ìyẹn ló ń wá ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ẹ̀rọ ìdàkọ ìwé kan tó ti kú ni ó ti yọ ojú náà, ìyẹn ẹkirán rẹ̀. Awẹ́ gíláàsì aláwọ̀ ewé ni, tó lè kọ ọ̀rọ̀ ìlà méjì, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń so wáyà mọ́ lára rẹ̀ pọ̀ jù láti fa wáyà gbogbo wọn gba ojú fèrèsé. Ó wá ránṣẹ́ sí Cotonou, wọ́n bá a ra ọpọlọ ẹ̀rọ méjì, ìyẹn mikirokontirolọ, ègé dúdú kékeré tí kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ, tí èèyàn lè kọ iṣẹ́ tó fẹ́ kó ṣe sínú rẹ̀. Ọ̀kan yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ firigó, yóò máa ka bí inú rẹ̀ ṣe tutù sí. Èkejì yóò wà lẹ́yìn ẹkirán lára ògiri ìta, yóò máa gbọ́ ohun tí ti inú ilé bá wí, yóò sì máa kọ ọ́ sójú gíláàsì. Okùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ á máa gbà láàárín wọn, lẹ́tà kan tẹ̀lé lẹ́tà kan, bí àwọn ewúrẹ́ ṣe ń tò gba ẹnu ọ̀nà ọgbà.

Ẹ má rò pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lórí tábìlì, ó ń kọ ọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tó gbé ọpọlọ àkọ́kọ́ sínú kúlà oníyìnyín kan láti fi dán an wò, ẹkirán bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kántankàntan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń bú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ló yé e pé òtútù ti mú kí èyí tó ń sọ̀rọ̀ máa falẹ̀ díẹ̀, nígbà tí èyí tó ń gbọ́ ń bá ìṣísẹ̀ tirẹ̀ lọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ra wọn yé. Ó tú rédíò méjì tó ti kú, ó yọ àwọn òkúta kékeré tí ń ka àkókò fún ẹ̀rọ láìṣàṣìṣe, ó fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Wọ́n gbọ́ra wọn. Gíláàsì náà kò ní ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àyè mẹ́jọ tí èèyàn lè ya ohun tó bá wù ú sí. Sikirath ya àwọn lẹ́tà wa síbẹ̀, àmì kan tẹ̀lé àmì kan, ó sì ya iná kékeré kan tí ń jó, fún àwọn tí kò mọ̀wé. Bí firigó bá tutù bó ṣe yẹ, ẹkirán á kọ iye rẹ̀ pẹ̀lú “Ó DÁRA”. Bí ó bá gbóná, á kọ iye rẹ̀, á gbé àwòrán iná yẹn síbẹ̀, á sì kọ “Ẹ MÁ GBÀ Á”.

Major kò fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé ni wọ́n ti ní kí aráàlú náà ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wọn, Ìdí-Ẹmi sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Tonton Ganiou ni alága rẹ̀, bàbá kan tó fẹ́ràn àlàáfíà débi pé kò lè bá adìẹ tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jà. Ó gba ẹ̀rọ náà ní oṣù Dìsémbà lórúkọ abúlé, wọ́n ṣe fátíhà sí i, wọ́n kàn án mọ́ ògiri lókè bẹ́ǹṣì àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ní ọjọ́ kejì, Tonton Ganiou gbé aṣọ ọlọ́nà kan wá láti ilé rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ó fi bò ó kí eruku má baà bà á jẹ́. Sikirath ló wá ṣí i, ó sì ní láti ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ojú tí wọ́n bò kì í ríran.

Ó ríran. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè, pánẹ́ẹ̀lì á ṣiṣẹ́, ẹkirán á kọ márùn-ún. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí bátìrì ti rẹ̀, á kọ méjìlá, á kọ mẹ́rìnlá, iná kékeré á máa jó níbẹ̀. Oògùn tó ń gbóná lálaalẹ́ kò tún yè lọ́sàn-án, Sikirath sì ti sọ èyí fún wọn yékéyéké. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́; Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, àwọn ìyá ọlọ́mọ wá, wọ́n rí iná, wọ́n gbé ọmọ wọn pọ̀n padà. Major dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn náà, bí oṣù Fébúrárì ṣe wọlé, ó di márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lọ́sàn-án. Ó DÁRA. Abúlé ní wọ́n ti tún firigó ṣe, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Major.

Sikirath pàápàá dúpẹ́. Èyí ló sì burú jù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún kan, inú rẹ̀ rọ̀. Ó lọ bá Rafiatou nílé. Farid, ọmọ tí Rafiatou bí lẹ́yìn Nadjath, ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Rafiatou ti búra pé abẹ́rẹ́ kankan kò ní kan ara ọmọ náà.

“Má gbà mí gbọ́,” ni Sikirath sọ fún un. “Lọ wo ògiri fúnra rẹ.”

Rafiatou lọ wò ó. Ó kàwé dé CM2, ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó mọ márùn-ún. Nígbà tó dé, ó ní òun á gbé Farid lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù, Sikirath pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, ó dé Ìdí-Ẹmi kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Bẹ́ǹṣì ti kún. Rafiatou wà níbẹ̀, Farid lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, Rafiatou sì sún díẹ̀ kó lè jókòó. Ohun tí kò ṣe láti ìgbà ìsìnkú nìyẹn. Ìyá Zénabou jókòó sí ìkángun kejì, arúgbó kan tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú un wá síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì. Kò mọ̀wé rárá. Ó ń wo ẹkirán.

“Ọmọ mi,” ló wí fún Sikirath, “kí ló ṣe nǹkan rẹ yìí tó fi sùn?”

“Kò sùn, Ìyá. Ó dára ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

“Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí mo bá jókòó síbi, ó máa ń yíra padà. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí firigó, ó ń yí. Bí oòrùn bá kan òrùlé, ó ń yí. Mo máa ń fi í gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Ìwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ báyìí.” Ó fi ìka ya márùn-ún sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ya ìwọ̀ ẹja. “Láti bíi ìgbà méje tí wọ́n ti ń di ẹsẹ̀ yìí, ìwọ̀ yẹn ò mira.”

Sikirath gbójú sókè. Márùn-ún. Ó dúró, ó ń wò ó, ó ń kà lọ́kàn títí dé ọgọ́rùn-ún. Kò di mẹ́rin, kò di mẹ́fà. Kò sí firigó kan láyé tó ń dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ tó wà lẹ́yìn gíláàsì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ iṣẹ́ sí i nínú: ohunkóhun tí o bá gbọ́, kọ ọ́. Kò kọ ohun tí yóò ṣe bí kò bá gbọ́ nǹkan kan. Ìlà mẹ́ta péré ni ì bá fi kún un. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ okùn, èyí tó gbọ́ kẹ́yìn ni yóò máa fi han gbogbo ayé títí lọ. Fíìṣì irọ́ kejì ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri, òun ló sì mú àbúrò rẹ̀ wá kà á.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ibi tí Rafiatou jókòó ti ṣófo. Wọ́n ti pè é wọlé.

Kò kan ilẹ̀kùn. Farid wà lórí itan ìyá rẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ ti ká sókè, Major sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó ń tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Sikirath ti ọwọ́ ọkùnrin náà sẹ́yìn.

“Ẹ má fi nǹkan yẹn kan ọmọ yìí.”

“Ṣé orí yín dá báyìí, Madame? Ẹ jáde, ibi iṣẹ́ nìyí.”

Sikirath kọjá sínú yàrá oògùn. Okùn rẹ̀ ti yọ kúrò níbi tó kì í bọ̀. Kì í ṣe pé eku já a, kì í ṣe pé ẹnì kan kọsẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ká a jọ dáadáa, wọ́n fi báńdéèjì ilé ìwòsàn so ó, wọ́n fi í kọ́ sára ìṣó. Ẹni tó yọ ọ́ ti dúró de ọ̀sán, ìgbà tí oòrùn mú kó kọ márùn-ún, kó tó fà á. Sikirath tú báńdéèjì náà, ó ki okùn padà sáyè rẹ̀.

Láti ìta, ó gbọ́ ohùn Ìyá Zénabou. “Ó ti jí.”

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Mẹ́tàdínlógún ni ẹkirán kọ, iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹnì kan ti sáré lọ pe Tonton Ganiou, ó sì dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́.

“Sikirath, fara balẹ̀,” ló wí. “Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá, ká sọ ọ́ ní ìtùnbí ìnùbí.”

“Tonton, yàrá la ti wà láti ọjọ́ yìí. Yàrá ni wọ́n ti yọ okùn. Ìta ni mo fẹ́ ká ti sọ ọ́.”

Major gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. “Ìgbà méje ni mo ti kọ̀wé béèrè bátìrì. Ìgbà méje. Bí mo bá kọ méjìlá sórí fíìṣì, wọ́n á pè mí wá ṣàlàyé, wọ́n á ní èmi ni mo ba firigó jẹ́. Bí mo bá kọ márùn-ún, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Donc, kí wá lẹ fẹ́ kí n ṣe? Oṣù mẹ́ta yìí náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá burú. Tẹ́lẹ̀, ó dára. Ohun tó pa ọmọ yín lọ́jọ́sí, kì í ṣe ti firigó. Rougeole, eéyi yìí, lè mú ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà, ó máa ń ṣẹlẹ̀.”

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ni ti bátìrì. Ká gbà pé ó kọ ìwé méje náà. Sikirath rò ó, kò sì dín ìbínú rẹ̀ kù rárá. Ẹni tó lè kọ ìwé méje lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọn ìyá tó jókòó sí bẹ́ǹṣì. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Rafiatou ti dìde.

Rafiatou gbé Farid sí èjìká, ó kọjá sí yàrá oògùn, síwájú ilẹ̀kùn firigó, ó ń ka fíìṣì tó wà níbẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè. Nígbà tó dé ìdí ọjọ́ kọkàndínlógún, ìka rẹ̀ kò dúró. Ó ń bá a lọ, márùn-ún, márùn-ún, dé ìsàlẹ̀ bébà. Ó yíjú sí Major tó ti tẹ̀ lé e wọlé.

“Òní ni kọkàndínlógún,” ló wí. “Ẹ ti kọ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Major ń tún kọ́là aṣọ funfun rẹ̀ ṣe.

“Níbo ni fíìṣì oṣù tí Nadjath gba tiẹ̀ wà?” ni Rafiatou béèrè.

Àwọn fíìṣì àtijọ́ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n gún gbogbo wọn pọ̀, eruku ti bò wọ́n. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún òun láyè. Ó gbé e kúrò lórí ìṣó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Tonton Ganiou pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó rí Fébúrárì 2013, ó na án sí Sikirath.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á. Ẹ kà á sókè.”

Sikirath kà á. Bébà náà jẹ́ irú kan náà fún gbogbo oṣù, ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ọjọ́ kìíní, márùn-ún. Ọjọ́ kejì, márùn-ún. Ó kà á dé ọjọ́ kẹrìnlá, tí wọ́n gún Nadjath, márùn-ún. Ó kà á dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ dúró, nítorí ó rí ohun tó wà nísàlẹ̀.

“Ẹ kà á tán,” ni Rafiatou wí.

“Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, márùn-ún. Ọgbọ̀njọ́, márùn-ún. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, márùn-ún.”

Àwọn ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wo ara wọn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà. Ìyá Zénabou béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó dúró tì í sì sọ fún un pé Fébúrárì ọdún náà kò kọjá ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Rafiatou gba bébà náà padà. Ó wo Major láti ilẹ̀ tó jókòó sí. “Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Fébúrárì,” ló wí jẹ́jẹ́, “ta ló ṣí firigó yìí wò?”

Major fa àga kan mọ́ra, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Níta, lára ògiri, ẹkirán ti kúrò ní mẹ́tàdínlógún, ó ti di méjìdínlógún.

Rafiatou dìde. Ìwé àjẹsára méjì ló yọ láti inú ọ̀já rẹ̀, ti Farid àti ti Nadjath tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ṣì ń gbé kiri. Ó ká fíìṣì náà kékeré, ó fi í sínú ti Nadjath. Lẹ́yìn náà ó pọn Farid, ó so ọ̀já rẹ̀ le, ó sì dojú kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ lọ tan alùpùpù yín. Wọ́n ń gún ọmọ ní Tchaourou lónìí, Farid ò sì tíì gba abẹ́rẹ́.”